Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á. Èyí Tó Pa Owó Ńkọ́?

Àwọn àgbà ló ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìyá mi kì í lọ sọ́jà kó má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan nídìí ẹlẹ́ran, ẹ̀ẹ̀kan nídìí ẹlẹ́ja, ìgbà kẹta nígbà tó bá délé, tó tú kókó ìró rẹ̀, tó ń ka ìyókù owó. Òwe ẹni tó ti náwó tán ni, tó ń wá ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú. Ohun tí mo wá kíyè sí nígbà tí mo dàgbà ni pé lọ́jọ́ tí a bá jẹ gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí gbogbo wa sì ń lá àwo bí ológbò, ẹnikẹ́ni kì í pa òwe kankan. Ọbẹ̀ tó dùn tí owó kò pa, ìdákẹ́jẹ́ la fi ń jẹ ẹ́.

Òwe náà kò ṣẹ̀. Àwa la dorí rẹ̀ kodò. Àgbà ní tí ẹ bá rí ọbẹ̀ tó dùn, ẹ mọ̀ pé owó wọ̀ ọ́. Àwa gbọ́ ọ sí pé ohunkóhun tí owó bá ti wọ̀ gbọ́dọ̀ dùn. Èyí tí owó kò bá sì wọ̀ púpọ̀, ẹ má wulẹ̀ tọ́ ọ wò, ẹ ṣáà máa fi í ṣẹ̀sín. Gbogbo ewúrẹ́ ló nírù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá na ọwọ́ sí gbogbo ohun tó nírù pé ewúrẹ́ ni, ọjọ́ kan ni yóò di ìrù ọ̀nì mú.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Dacia ló là mí lójú sí i.

Ọmọ Románíà ni Dacia. Orúkọ tí ilẹ̀ wọn ń jẹ́ láyé àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, kí àwọn ará Róòmù tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1966 ni ìjọba Kọ́múníìsì dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Mioveni, lẹ́bàá ìlú Pitești, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lè máa fi àwòṣe tirẹ̀ ṣe mọ́tò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Dacia 1300, Renault 12 tó pààrọ̀ aṣọ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń jáde títí wọ 2006. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan a kọ́kọ́ kó owó sí báńkì, a wá jókòó máa retí fún ọdún bíi mélòó kan. Àwa tí a ti sùn sí ilé epo rí lè fojú inú wò ó. Mọ́tò tí o dúró dè bí àgàn ṣe ń dúró de ọmọ, tó dé tán tó tún ń kú sójú ọ̀nà, ìwọ fúnra rẹ ni wàá di mẹkáníìkì rẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ ìyàwó tó ń bú ọkọ nílé ni, tí kì í gbà kí ará ìta bá òun bú u.

Ní 1999, Renault ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ náà. Louis Schweitzer ni ọ̀gá Renault nígbà náà, ohun tó sì ní lọ́kàn ni mọ́tò tuntun tí ìdílé kan lè jókòó sí, tí owó rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí Yúrò 5,000. Ní 2004, Logan jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìkòkò yìí wò, torí inú rẹ̀ dùn ún wò fún ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ sè. Dígí ẹ̀gbẹ́ tí dírẹ́bà fi ń wo ẹ̀yìn: ọ̀kan náà ni wọ́n ṣe fún ọ̀tún àti òsì, bí sálúbàtà tí kò mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀. Gíláàsì iwájú: wọn kò tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, torí títẹ̀ gíláàsì ló ń gbé owó rẹ̀ lọ sókè. Pátákó iwájú dírẹ́bà, níbi tí aago ìsáré wà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dà á jáde, wọn kò tò ó ní ègé ní ègé. Ẹ́ńjìnnì: èyí tí Renault ti ń lò tipẹ́ ni, tí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ti wọlé tán. Ìyàwó ilé tó fi omi ẹran àná se ọbẹ̀ òní, tó fi edé díẹ̀ rọ́pò ẹja ńlá, tó sì mú irú mọ́ ọn kó lè ta sánsán, òun ni Schweitzer wọ bàtà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń gbówó lé mọ́tò kì í gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mọ́tò ṣì ń lọ, ó ti mọ nǹkan kan tí àwa tó kù kò fẹ́ kí wọ́n sọ sétí wa.

Àwọn ìlú tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé gbúròó rẹ̀, wọ́n ní àwa náà ńkọ́, àbí àwa kò mọ adùn ni? Ní 2005, ó wọ ọjà wọn.

Kó tilẹ̀ tó dé Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀. Lórí Top Gear, ètò mọ́tò tí BBC ń ṣe, James May a dédé la ẹnu, a ní òun mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ìròyìn ayọ̀ ọ̀hún kò ju Sandero lọ, àbúrò Logan. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe ètò náà a sì yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé ó só láàárín àwùjọ. Nígbà tí wọ́n jọ lọ sí Románíà, tí May wá fojú ara rẹ̀ rí Sandero nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn rìn, ó sì rún un. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ní 2013, Sandero dé sí ìsọ̀ wọn ní pọ́n-ùn 5,995, kò sì sí mọ́tò tuntun kankan ní gbogbo Ìlú Ọba tí owó rẹ̀ kéré tó o. Funfun nìkan ni èyí tó kéré jù ní, bọ́ńpà rẹ̀ dúdú láìkùn, ọwọ́ lo fi ń yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kò sì ní rédíò. Tí ó bá ń wù ọ́ láti gbọ́ orin, kọ ọ́.

Wọ́n rà á. Láti 2017 ni Sandero ti jẹ́ mọ́tò tí àwọn tó ń fi owó ara wọn ra mọ́tò rà jù ní Yúróòpù. Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn: owó ara wọn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ńlá tí ẹ ń rí lójú títì lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ ló rà á fún òṣìṣẹ́, tàbí ilé tó ń yá ni ní mọ́tò ló ni ín. Nígbà tó wá di 2024, tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ti ilé-iṣẹ́ àti ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, Sandero náà ló ṣì wà níwájú gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Yúróòpù lọ́dún yẹn. Ó lé ní 260,000. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi fojú ara mi rí ìjà náà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Mọ́tò Jámánì dúdú kan wà níwájú ilé rẹ̀, tó ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ dé sílé wọn lọ́jọ́ mìíràn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ń wa Duster, Dacia bákan náà ṣùgbọ́n tó ga sókè díẹ̀. Owó àjọ tó kó ló fi rà á, ó san án tán lọ́jọ́ kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti yà, ẹ̀gbọ́n mi a jáde sí ẹnu ọ̀nà.

“Bùrọ̀dá, ẹ tún ń fi mọ́tò mi rẹ́rìn-ín.”

“Èmi? Rárá o. Mo kàn ń bi ọ́ ni pé ibo ni wọ́n tọ́jú ìyókù rẹ̀ sí.”

“Ó pé bó ṣe wà yìí, sà. Ẹ bá mi bi tiyín bóyá wọ́n ti san owó oṣù yìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ojú. Ètò tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba mọ́tò tuntun níbẹ̀ ni òun náà fi gba tirẹ̀, báyìí ló sì ṣe ń lọ. O ó san àsansílẹ̀ díẹ̀. O ó wá máa san iye kan lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí ọdún bá pé, mọ́tò kì í ṣe tìrẹ o. Owó gọbọi kan ṣì wà nílẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o kò bá rí i san, o dá mọ́tò padà, o sì gba ilé lọ, àfi tí o bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo ohun tí o ti ń san látọjọ́ yìí, owó bí mọ́tò ṣe ń gbó ni àti èlé. Àwọn baba wa mọ irú ètò yìí dáadáa, wọ́n sì ní orúkọ fún un: ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó láti òwúrọ̀, iṣẹ́ náà sì ni èlé; owó tó yá gan-an ṣì wà níbẹ̀ bí àpáta, kò dín ní kọ́bọ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ìwọ̀fà ayé ijọ́un kì í fi ọṣẹ fọ oko olówó ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé kí àdúgbò lè rí i.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi dáhùn tí mo bá fi ojú bi í. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni adùn ibẹ̀ gan-an. Ó ronú. Ó ní àga rẹ̀ ń gbóná lásìkò òtútù. Mo ní ṣé ó ń tàn án? Ó ní iná náà ń jẹ epo.

Mo bi àbúrò ìyàwó rẹ̀ náà, torí ẹnu ẹni tó jẹ ọbẹ̀ ló yẹ ká ti gbọ́ bí ó ti rí. Kò yìn ín ní àyìnjù. Ó ní tó bá dé mọ́tówéè, ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń lọ ata nínú yàrá kejì. Ó ní ìlẹ̀kùn rẹ̀ a máa dún bí agolo mílíìkì. Ohun tó bí i nínú jù lọ́jọ́ tó lọ rà á ni pé wọn kì í dín owó: iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Ọmọ Yorùbá, tó máa ń bá ìyá aláṣọ ná ọjà fún wákàtí kan ní Bódìjà, tó yí padà bí ẹni ń lọ, tí wọn kò pè é padà! Ó ní òun dúró nínú ilé ìtajà náà bí ẹni tí wọ́n gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí òun pààrọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò ní gbà. “Tí mo bá tiṣẹ́ dé láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n, tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rántí rẹ̀ mọ́ àfi ìrọ̀lẹ́.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Mọ́tò tí èèyàn lè gbàgbé! Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbàgbé tirẹ̀ láé. Tí wọ́n bá tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò pa gbàmù lóru, yóò dìde lọ wo fèrèsé.

Mi ò ní purọ́ fún Dacia, wọn kò ra ọtí fún mi. Ní 2021, àwọn Euro NCAP, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa fọ́ mọ́tò mọ́ ògiri kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń dáàbò bo èèyàn, fún Sandero ní ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ara rẹ̀ kò burú nígbà tó forí sọ nǹkan. Ohun tó jẹ́ kí ìràwọ̀ kéré ni àwọn ẹ̀rọ tó ń ran dírẹ́bà lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ tí mọ́tò mìíràn bá wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn mọ̀ nígbà náà. Spring, èyí tó ń lo iná mànàmáná, ìràwọ̀ 1 péré ló gbà lọ́dún kan náà. Níbí yìí, òwe ìyá mi dìde dúró, ó sì ní kí n wo òun dáadáa. Ó yẹ kí ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ ohun tó lè fi sílẹ̀ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Rédíò, ọ̀dà, bọ́ńpà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá títì kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣírò owó.

Àwọn tó ń rà á náà kò sì mọ́ tónítóní mọ́. Ní 2009 ni àwọn oní-Dacia ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, láti jẹun pọ̀ ní pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, torí àwọn oní-mọ́tò olówó ńlá tí mo mọ̀, ilé mẹkáníìkì ni wọ́n ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti ẹni tó ra mọ́tò pọ́ọ́kú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Yóò sọ iye tó rà á. Yóò sọ iye tí ẹ̀yin ra tiyín. Yóò wá mi orí bí babaláwo tó rí nǹkan nínú ọpọ́n. Fáàrí tún wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí a lé jáde nínú agbádá, ó ti wọ bùbá. Kódà ní 2019, Renault fún Póòpù Francis ní Duster funfun kan tí wọ́n tún ṣe fún un, ìrẹ̀lẹ̀ sì di ohun tí à ń ya fọ́tò rẹ̀. Iye owó Sandero alára ní Ìlú Ọba ti ju ìlọ́po méjì 5,995 yẹn lọ báyìí. Ọbẹ̀ tí gbogbo ayé bá yìn, ẹni tó ń tà á gbọ́ o.

Kí ará ilé má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lókè òkun nìkan ni mò ń sọ. Ibo lẹ rò pé wọ́n ti ń to Sandero pọ̀? Ní Áfíríkà. Ní Mòrókò, ní Casablanca àti ní Tangier, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ṣí ní 2012. Ọkọ̀ ojú omi a kó wọn sọdá tuntun-tuntun fún ọmọ Yúróòpù. Ọkọ̀ ojú omi mìíràn a sì kó mọ́tò tí ọmọ Yúróòpù ti wà gbó bọ̀ wá sí Kútọnù, àwa a sáré lọ pàdé rẹ̀ létíkun. A kò tilẹ̀ fi bò rárá, orúkọ ọmọ èèyàn la sọ ọ́: Tòkunbọ̀. A ń yọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tó re ẹ̀yìn odi tó kó oyè ìwé bọ̀, bẹ́ẹ̀ ikọ́ ló kó bọ̀. Orúkọ tún ń gun orúkọ. Mọ́tò Accord kan wà tí a sọ ní End of Discussion. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e dé, ọ̀rọ̀ tí a ní ó ti parí tún bẹ̀rẹ̀, Discussion Continues la sọ ọ́.

Mọ́tò Ìjàpá ńkọ́? Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, búùtù níwájú, ọmọdé a máa béèrè pé ibo gan-an ni mọ́tò yìí kọjú sí. Olùkọ́ wà á, pásítọ̀ wà á, akọ̀wé kóòtù wà á. Jámánì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yangàn, mọ́tò mẹ̀kúnnù ni wọ́n fi kọ́kọ́ wọ ilé wa. Baba tó bí ẹ̀gbọ́n mi lọ́mọ ni mo ń sọ yìí o, ẹni tó wa Ìjàpá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi rán ọmọ márùn-ún lọ sílé ìwé, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nígbà tó kú.

Ọdún kẹrin pé lórí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Owó gọbọi yẹn kò sí. Wọ́n wá gbà á, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì yí i ká, wọ́n tún bu owó lé e lórí fún ibi tí ẹsẹ̀ táyà ti ha etí títì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òwàǹbẹ̀ wà. Ẹbí ló ń ṣe é, ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì ni wọ́n ti se gbogbo ọbẹ̀, kúlà mẹ́rin, tí kò sí mọ́tò tó lè gbé wọn àfi Duster. Wọ́n yí àga ẹ̀yìn lulẹ̀, wọ́n to ọbẹ̀ sí i, wọ́n fún èmi àti ìyàwó rẹ̀ ní owó bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú nínú agbádá.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ ọ́. Nígbà tó ku ilé bíi mẹ́wàá kí wọ́n dé gbọ̀ngàn, ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró.

“Bùrọ̀dá, a kò tíì dé.”

“Mo mọ̀. Jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ níbí.”

“Òjò ń rọ̀, sà.”

“Jẹ́ kó máa rọ̀.”

Ó ká agbádá lé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín omi. Ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.